Bàbá tó ń tún rédíò ṣe l'Òkèṣà, Adó-Èkìtì: ibi tí mo gbé rédíò sátẹ́láìtì mi lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn mẹ́ta kan bi mí pé ibo ni mo ti tún rédíò tí mo fi ń gba àwòrán sátẹ́láìtì ṣe l'Adó, mo sì ṣèlérí pé màá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni ò jẹ́ n ráyè. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá kan ni, inú kọ̀rọ̀ kan l'Òkèṣà, kò sí síńbọ́ọ̀dù, páálí lásán ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "A ń tún rédíò, ámúpù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe" sí tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ń yára ẹ máa kọjá ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi náà kọjá ẹ̀ kí n tó rí i.

Kí n tó sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́, torí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ẹlòmíì dáa tàbí kò dáa, ó yẹ káwọn èèyàn mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lóun fúnra ẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ẹ̀ńjìníà ni mí, Abuja ni mo wà, ètò sátẹ́láìtì ni mo sì ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún 13 báyìí. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù o. Ọjọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣe lèèyàn máa jókòó ti bọ́ọ̀dù kékeré kan, á wọ kóòtù funfun, á bo irun, á wọ ìbọ̀wọ́, á so wáyà mọ́ ọrùn ọwọ́ kí iná tó wà lára èèyàn má bàa ba nǹkan jẹ́, kò ní kun àtíkè, kò ní fín pafúùmù, á wá máa jó nǹkan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ pọ̀, gbogbo ohun tó bá sì ṣe ló máa kọ sínú ìwé. Gbogbo ẹ̀ pátá. Tẹ́ ẹ bá ki kọnẹ́tọ̀ kan, ìyẹn ẹnu wáyà, bọ ibi tó ń wọ̀, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, torí iye ìgbà tí wọ́n lè kì í kó tó máa jẹ ara ẹ̀ níye. Síkíróò kan ṣoṣo, ẹnì kan á dè é, ẹlòmíì á wá wò ó, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i. Tí sátẹ́láìtì bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn, kò sí mẹkáníìkì tó máa gbé àpótí irinṣẹ́ gun kìlómítà 700 lọ bá a lókè.

Ọdún kejì tí mo wọṣẹ́, èmi ni mo jó ẹsẹ̀ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ bọ́ọ̀dù inú àpótí kan, kì í ṣe èyí tó máa lọ sókè, èyí tí a fi ń dán nǹkan wò nílẹ̀ ni. Ó dáa lójú mi, mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó yẹ kó bá mi wò ó ń sáré lọ bá bọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ sí i láìwò. Nígbà tá a gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọn nǹkan bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń gbọ̀n tó bá ń gbéra, la bá ń gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú àpótí. Lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin tí a máa ń yọ́ fi jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, hóró ẹ̀ kékeré kan tó ká róbótó, tí kò tó hóró ọkà bàbà, ló jábọ́ tó ń yí kiri inú ẹ̀. Lókè ọ̀hún tí ohunkóhun kì í wálẹ̀, ṣe ló máa léfòó títí tó fi máa kan ẹsẹ̀ méjì tí kò yẹ kó kanra, gbogbo ẹ̀ á sì jóná. A tú àpótí yẹn palẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi tún un ṣe. Ọ̀gá mi ò bú mi. Wọ́n ní kí n mú hóró lẹ́ẹ̀dì yẹn kí n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé iṣẹ́ mi, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ta ló ń wo iṣẹ́ ẹni tó ṣe é.

Ó dáa. Oṣù kìíní mo gba lífù wálé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì kan n'Ìkẹ́rẹ́ ló bẹ̀ mí pé kí n wá fi han àwọn SS2 bí wọ́n ṣe ń gba àwòrán lọ́wọ́ sátẹ́láìtì. Nǹkan tó ṣeé ṣe ni. Àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan wà tí wọ́n ń pè ní Meteor-M, bíi kìlómítà 820 ni wọ́n wà lókè, bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí wa ni wọ́n ń fi rédíò ju àwòrán àwọsánmà sílẹ̀ ní bíi 137 megahertz, ẹni tó bá ní rédíò kékeré tí wọ́n ń ki bọ ẹnu USB kọ̀ǹpútà àti áńtẹ́nà tí wọ́n fi wáyà méjì ṣe, ó máa rí i gbà, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ti NOAA, àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, la fi máa ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ torí ìyẹn rọrùn jù, àmọ́ 2025 ni wọ́n pa àwọn tó kù.

Mo kó ẹrù mi sínú báàgì, mo gba Lọ́kọ́ja, Kàbà, Òmùò wálé, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń gbọn èèyàn. A dé Adó láyọ̀, gáréèjì gan-an ni báàgì ti já bọ́ látinú búùtù. Nígbà tí mo máa ṣí i, kọnẹ́tọ̀ oníwúrà kékeré tó wà lẹ́nu rédíò yẹn, níbi tí wáyà áńtẹ́nà ń wọ̀, ti ya kúrò lára bọ́ọ̀dù, apá kan áńtẹ́nà náà sì ti kán. Ọjọ́rú nìyẹn o, ọjọ́ Ẹtì làwọn ọmọ ń retí mi.

Ibi méjì ni mo kọ́kọ́ dé. Àkọ́kọ́ ní kí n lọ ra òmíì, pé irú ẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Ìkejì fẹ́ fi gúlù lẹ̀ ẹ́, mo gba ẹrù mi lọ́wọ́ ẹ̀ kíá. Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ibẹ̀ ló rí ojú mi tó ní "Àǹtí, ẹ wọ kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè Bàbá Onírédíò."

Bàbá ti lé ní 70. Ṣọ́ọ̀bù wọn kún, ẹ̀rọ ámúpù ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò àtijọ́, ìgbá ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ orí tábìlì ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ ju iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lọ. Mo gbé rédíò kalẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe kó tó bàjẹ́? Kí ló ń ṣe báyìí? Ta ló ti fọwọ́ kàn án látìgbà tó ti bàjẹ́?"

Ẹ wò ó, ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí sátẹ́láìtì ò bá dáhùn nígbà tó kọjá lórí wa, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá ní yàrá ìdarí nìyẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ṣe wà yẹn gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kankan.

Ọyẹ́ ń mú lọ́jọ́ náà, irú ọyẹ́ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fa súwẹ́tà kọjá orí ẹ máa gbọ́ tó ń ta pàrà. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra torí iná ara lè pa nǹkan kékeré inú rédíò yẹn, kò ní yọ èéfín, ẹ ò sì ní mọ̀. Kí n tó ya ẹnu, Bàbá ti tẹ̀ síwájú, wọ́n gbá ọ̀pá irin kan mú lábẹ́ tábìlì. Ọ̀pá yẹn wọ inú ilẹ̀ lọ ni, kí iná ara lè bá a wọlẹ̀, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wáyà náà wá sórí tábìlì. Wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti pa ẹ̀rọ kọ́sítómà kan nígbà ọyẹ́ ọjọ́sí làwọn ti ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀. Ohun kan náà ni wáyà ọrùn ọwọ́ tiwa l'Abuja ń ṣe, àmọ́ tiwa ní ìwé ẹ̀rí.

Kò síná, wọ́n tan jẹ́ń, a wá ń retí kí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì gbóná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí bóyá òótọ́ ni pé Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì lókè, torí àwọn kan ní irọ́ ni. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí torí mo mọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn, àwọn ni ọ̀gá mi. Mo sọ fún wọn pé NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà lọ́jọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003, pé ní oṣù kẹjọ 2011 méjì tún lọ lọ́jọ́ kan náà, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, pé NigeriaSat-X yẹn, àwọn ẹ̀ńjìníà Nàìjíríà ló fọwọ́ ara wọn tò ó ní Surrey, ìlú Ọba, tí wọ́n fi ilé àti ọmọ sílẹ̀. Mo ní yunifásítì FUTA tó wà l'Àkúrẹ́ níbí náà ní ọwọ́ nínú ọ̀kan, EduSat-1, 2017 ló lọ, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ẹ lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Àkúrẹ́ tó wà níbí yìí?"

Wọ́n wá fa lẹ́ẹ̀dì yọ. Wọ́n ní ayédèrú ti pọ̀ lọ́jà, èyí tó ní òjé nínú gan-an làwọn ń lò, 60 tánganran, 40 òjé. Mo ní àwa náà nìyẹn Bàbá, láti 2006 ni Yúróòpù ti ní kí wọ́n yọ òjé kúrò nínú rédíò àti fóònù torí ó ń ba ara àti àyíká jẹ́, àmọ́ ní ti sátẹ́láìtì, a ò gba tánganran lásán rárá, ó gbọ́dọ̀ ní òjé bíi 3 nínú 100 ó kéré tán, torí tánganran lásán máa ń hu irun. Irun ni o, irin tín-ín-rín tó ń yọ jáde fúnra ẹ̀, títí tó fi máa kan ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n fura sí irun yìí nígbà tí sátẹ́láìtì Galaxy IV ilẹ̀ Amẹ́ríkà dákẹ́ ní oṣù karùn-ún 1998, tí pager, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà yẹn, ti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn sì dákẹ́ tẹ̀ lé e.

Mo rò pé màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti fojú ara àwọn rí i. Wọ́n ní nínú àwọn rédíò ayé àtijọ́, tirànsísítọ̀ kan, nǹkan kékeré inú rédíò, wà tí wọ́n ń pè ní AF117, tí rédíò bá dákẹ́, ọ̀gá tó kọ́ àwọn níṣẹ́ á fi ìdí sukurudíráfà kàn án kó, kó, rédíò á tún sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan làwọn fi páńsà já orí ẹ̀, àwọn gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, àwọn rí irun nínú ẹ̀ bí irun etí ológbò. Ọ̀gá wọn ní idán ni. Wọ́n ní àwọn ò gbà á gbọ́ pé idán ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ohun tó jẹ́ fún àwọn rí títí di òní. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ìwé tí wọ́n fún wa kà ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ AF117 yìí, mi ò fojú rí ọ̀kan rí. Mo kí Bàbá lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe jó o. Kọnẹ́tọ̀ yẹn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti abẹ́rẹ́ kan láàárín. Wọ́n kọ́kọ́ fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti ọtí fọ ojú ibẹ̀ títí kọ́pà fi ń dán. Wọ́n nu ẹnu áyọ́ọ̀nù lára fóòmù tútù, ó ṣe ṣàà, wọ́n fi páàsìtì tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú díẹ̀ sí i, abẹ́rẹ́ àárín ni wọ́n kọ́kọ́ jó, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu kúrò níbẹ̀, wọn ò fẹ́ ẹ sí i kó má bàa tutù lójijì. Lẹ́yìn náà wọ́n jó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú mi ó ti tán. Mo ti ń wá owó nínú àpò.

Bàbá wá pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún 17 lọ, wọ́n ní kó wá wò ó. Ó gbé e sábẹ́ awò, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ kẹta ò mú. Kò tàn bí ìyókù." Níwájú kọ́sítómà o. Mo wo ojú Bàbá. Wọ́n gba awò, wọ́n wò ó, wọ́n ní "Òótọ́ ni." Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù, wọ́n tún un jó. Ẹsẹ̀ yẹn ló lẹ̀ mọ́ kọ́pà tó fẹ̀ jù lórí bọ́ọ̀dù, kọ́pà yẹn ló ń fa ooru kúrò kí lẹ́ẹ̀dì tó ráyè wọlé, ohun tó fà á nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́. Tí wọn ò bá rí i, ó máa ṣiṣẹ́ lónìí, á sì kú lọ́la tí ẹnì kan bá fa wáyà. Wọ́n tún fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi mítà kàn án, ó dún píì níbi tó yẹ kó ti dún, ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti dákẹ́. Ìgbà tó ní "ó ti dáa" ni Bàbá tó fà á lé mi lọ́wọ́.

Mo bi wọ́n pé ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó jó o kì í rí àṣìṣe ara ẹ̀, ojú ẹ̀ ti mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ wa, ìwé ńlá ni wọ́n fi kọ òfin yẹn, àwọn àgbà iṣẹ́ kan ṣì máa ń bínú tí ọmọ kékeré bá dá iṣẹ́ wọn padà.

Apá áńtẹ́nà náà, wáyà kọ́pà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́ẹ̀tì iná inú ilé ni wọ́n fi ṣe òmíì. Mo ní sẹ̀ǹtímítà 53.4 ni mo fẹ́. Wọn ò ní "ẹ jẹ́ ká ṣe é ní 53" o, wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọ́n gé e gùn díẹ̀, wọ́n wá fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi bá àmì mu.

Owó: 6,500 náírà gbogbo ẹ̀. Mo fún wọn ní 10,000, wọ́n dá ṣéńjì padà, mo ní kí wọ́n fi ra nǹkan fún ọmọ yẹn, wọ́n ní kí n fún un fúnra mi.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Wọ́n máa ń pẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni mo lò, ìjókòó wọn ò sì dáa, bẹ́ǹṣì kan ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò dúró. Èéfín jẹ́ń ń wọlé tí atẹ́gùn bá yí, ó sì yẹ kí wọ́n ṣí fèrèsé ẹ̀yìn torí èéfín lẹ́ẹ̀dì ò dáa fún ọmọ tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n gbọ́, nígbà tí mo padà lọ fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì. Wọn ò sì ní kọ nǹkan sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà lórí Bàbá, èyí ló dùn mí jù, torí ọgbọ́n ọdún 50 wà nínú orí kan ṣoṣo. Mo ra ìwé hàáàdì kọ́fà kan fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yẹn, mo fi bí a ṣe ń kọ tiwa hàn án: ọjọ́, ohun tí wọ́n gbé wá, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó ṣe é, ẹni tó wò ó. Nínú 5, mo fún wọn ní 4 àti ààbọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì n'Ìkẹ́rẹ́, òkúta Olósùnta dí apá kan ojú ọ̀run mọ́ wa, a mọ̀ pé sátẹ́láìtì ti yọ lẹ́yìn òkúta ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan kan. Tí ó bá gba orí ẹni kọjá dáadáa, ìṣẹ́jú 15 péré lẹ ní, torí ó ń sáré kìlómítà méje lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nígbà tó yọ lórí òkúta, ìlà àkọ́kọ́ já lójú kọ̀ǹpútà, ìkejì já, etíkun yọ, àwọsánmà orí òkun yọ, eruku ọyẹ́ bo apá Òkè Ọya pátápátá. Àwọn ọmọ ń gba áńtẹ́nà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń lọ́ wáyà, wọ́n ń fà á, ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ kọnẹ́tọ̀ yẹn ò mì. Àwòrán ò já lẹ́ẹ̀kan.

Mo tẹ àwòrán náà jáde, mo gbé e lọ fún Bàbá, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ mú owó kéèṣì dání, ẹ má sì sọ pé ẹ̀ ń kánjú torí wọ́n á ní kí ẹ gbé e lọ síbòmíì. Tí wọ́n bá ní ọmọ yẹn máa wò ó, ẹ ní sùúrù kó wò ó.